Ẹ Bi Wá: Kí Ìtàn Bàbá Má Bàa Bá Bàbá Lọ

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí, láti Ẹ̀pẹ́ àti àyíká rẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn bàbá náà jọra: wọ́n ṣe sójà nígbà èwe, wọ́n padà wálé wá mú ọkọ́ àti àdá, ìlú ò sì pè wọ́n kí wọ́n má jẹ́ láti ìgbà náà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ la dáhùn gùn jù, nítorí ibẹ̀ la ti ń rí àṣìṣe jù lọ.

Ṣé ogun Burma ni bàbá wa jà?

*Bàbá wa kò tíì pé ọgọ́rin ọdún, bí àwa ṣe rò. Ó jagun, ó padà wálé wá dá oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Pòkà. A fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó pé ọgọ́rin. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní ogun Burma ló jà, torí bàbá máa ń sọ pé "nígbà tí mo wà ní Arakan". Bàbá ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?* — Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Òkè-Balógun, Ẹ̀pẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ yọ Burma kúrò. Ara ogun Hítílà ni ogun Burma, ilẹ̀ kan ní Éṣíà, ọdún 1945 ni ogun náà sì parí. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà náà, 1927 ni wọ́n bí i, yóò sì ti súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀ka 81 àti ẹ̀ka 82, ń ru ẹrù sórí gba inú igbó Kaladan, tí wọ́n sì gba ìlú Myohaung ní oṣù Kìíní 1945, bàbá tí kò tíì pé ọgọ́rin kò tíì dé ayé.

Ohun tó ṣi ẹ̀gbọ́n yín lọ́nà yé wa. Orúkọ ibi tí wọ́n ti jà ní Burma ni wọ́n fi sọ àwọn bárékè kan l'Ékòó. Arakan wà ní Àpápá. Myhoung wà ní Yábàá, Myohaung yẹn náà ni. Nítorí náà, sójà tó bá ní òun wà ní Arakan, ẹ bi í bóyá ọkọ̀ òkun ló gbé e débẹ̀ àbí ọkọ̀ ilẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn á gbà yín lọ́wọ́ àṣìṣe ogún ọdún.

Ogun tí ọjọ́ orí bàbá yín bá mu ni ogun abẹ́lé, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Ojúkwu. Ọjọ́ 6 oṣù Keje 1967 ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1970 ló parí. Ìyẹn ló mú kí ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun wa bọ́ sí 15 oṣù Kìíní. Bàbá lè má rántí ọdún tó dé ibì kan, ṣùgbọ́n sójà kì í gbàgbé ọ̀gá rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ń pàṣẹ fún wọn. Bó bá dárúkọ Adékúnlé, ẹ̀ka kẹta ni, àwọn Marine Commando, tí wọ́n gba ojú omi wọ Bonny ní oṣù Keje 1967, tí wọ́n wọ Calabar ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, tí wọ́n sì gba Port Harcourt ní oṣù Karùn-ún 1968. Bó bá jẹ́ Ọbásanjọ́ ló pè ní ọ̀gá ní ẹ̀ka kan náà, oṣù Karùn-ún 1969 síwájú ni ọ̀rọ̀ náà, torí ìgbà yẹn ni wọ́n pààrọ̀ ọ̀gá. Murtala ni ẹ̀ka kejì, ọ̀nà Benin, Asaba àti Onitsha. Shuwa ni ẹ̀ka kìíní, tó gba ìhà Nsukka lọ sí Enugu. Báyìí lẹ ó ṣe máa so ìtàn mọ́ oṣù àti ọdún láìki ọ̀rọ̀ bọ bàbá lẹ́nu.

Owó náà máa ń tọ́ka ọjọ́. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1973 la bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Pọ́n-ùn àti ṣílè la ń ná kó tó dìgbà náà. Ìtàn ojú ogun tí náírà bá wà nínú rẹ̀, ó ti dà pọ̀ mọ́ ìtàn bárékè lẹ́yìn ogun. Ẹ má bá bàbá jiyàn. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ padà sí i lọ́jọ́ mìíràn.

Ní ti ọjọ́ ìbí, ẹ má mú ọjọ́ kan látinú afẹ́fẹ́. Ẹ wá ohun tí ìlú rí, kí ẹ sì bi í bó ṣe tóbi tó nígbà náà. Lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1947, òṣùpá bo oòrùn, ojúmọ́ sì ṣókùnkùn ní ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù Nàìjíríà; ṣé ìyá rẹ̀ sọ fún un rí pé inú ni ó wà, àbí ó ti wà lẹ́yìn òun? Oṣù Kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ẹ̀pẹ́ sì wà nínú Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Ọdún 1967 ni Ìpínlẹ̀ Èkó tó dé. (Àwọn ọmọdé òní kì í fẹ́ gbà èyí gbọ́.) Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé ni pé kó na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ọwọ́ ta ló tó etí, ta ni wọ́n ní kó padà lọ́dún tó ń bọ̀? Kíláàsì wo ló wà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960, nígbà tí a gba òmìnira? Ẹ bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má gbọ́ tẹnu ara wọn. Ẹ tún béèrè ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, torí ó kéré tán ọdún méjì ló sábà máa ń wà láàárín wọn láyé ìgbà náà. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ẹ kọ ọ́ báyìí: "láàárín 1946 sí 1948". Bẹ́ẹ̀ ni òótọ́ rí, kò sì dín iyì bàbá kù.

Bí ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé ológun bá yàtọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló fi kún ọjọ́ orí kí wọ́n lè gbà á sí sójà, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ akọ̀wé ló fún wọn ní ọjọ́ kan. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń rìn lórí ọjọ́ yẹn. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìtàn, kí ẹ sọ èyí tó jẹ́ ti ìwé àti èyí tó jẹ́ ti ilé.

Bàbá kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ogun

*Bí a bá ti mẹ́nu kan ogun, bàbá á dìde lọ sẹ́yìnkùlé. A ti gbé fóònù síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan.* — Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, Pàpá, Ẹ̀pẹ́.

Ìbéèrè yín ló tóbi jù. Ẹni tí wọ́n bá bi pé "báwo ni ogun ṣe rí?" á dáhùn pé "ogun ò dára", ọ̀rọ̀ á sì tán. Ẹ bi í nípa ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn. Bàtà wo ni wọ́n fún un, ṣé ó bá a lẹ́sẹ̀ mu? Kí ni wọ́n fi ń se oúnjẹ bí òjò bá ń rọ̀? Ta ló máa ń sùn sí ọ̀tún rẹ̀? Lẹ́tà ilé, ta ló ń bá a kà á? Owó oṣù àkọ́kọ́, kí ló fi rà? Látinú bàtà ni yóò ti dé ibi tó bá fẹ́ dé fúnra rẹ̀. Iye ènìyàn tó pa, ẹ má béèrè rẹ̀ láéláé.

Ẹ yan òwúrọ̀, lẹ́yìn tó bá ti jẹun, kí ó má ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ etí tó ń gbọ́ràn dáadáa. Ẹ tẹ́ aṣọ tó nípọn sórí tábìlì kí ẹ tó gbé fóònù lé e, torí pákó máa ń gbé ìró ọwọ́ àti ife wọnú ohùn. Kí ó jìnnà sí ẹnu rẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ẹ sì pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ìpè má bàa gé e. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́, ibi, àti orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sínú rẹ̀. Bí bàbá bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Ẹ ka ogún nínú yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n tàbí tó ń làágùn, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà sí oko, kí ẹ pa á tì fún ọjọ́ náà. Bó bá wá di pé ó ń pariwo lójú oorun lẹ́yìn ìjókòó yín, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Ọgbẹ́ ogun ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Bó bá jẹ́ pé kò fẹ́ sọ rárá, ẹ kọ ọ́ pé ó jagun, kí ẹ kọjá síbi oko. Ìtàn rẹ̀ kò di àbùkù nítorí ìyẹn.

Ìwé sójà tí ikán ń jẹ

*Ìwé tí wọ́n fi dá bàbá mi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun wà nínú báàgì kan, ikán ti jẹ etí rẹ̀. Mo fẹ́ lọ fi ike bò ó. Ẹnì kan sì ní òun á bá wa gba gbèsè owó ìfẹ̀yìntì tí a bá san díẹ̀ sílẹ̀.* — Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Àgbọ̀wá.

Ẹ má fi ike bò ó. Iná tí wọ́n fi ń lẹ ike yẹn máa ń pa yíǹkì àtijọ́, òǹtẹ̀ á ṣá, kò sì ṣeé bọ́ mọ́. Ẹ má lẹ sẹlotéèpù mọ́ ibi tó ya, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ á di àbàwọ́n pupa láàárín ọdún díẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá erùpẹ̀ ikán kúrò, ẹ tẹ́ ìwé náà síbi tí kò sí oòrùn fún ọjọ́ kan, kí ẹ kó wọn sínú àpò ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá to gbogbo rẹ̀ sínú garawa oníke tí ìdérí rẹ̀ le. Orí pẹpẹ ni kó wà. Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ tútù, ọ̀sà ò jìnnà sí wa. Fọ́tò ò gbọdọ̀ kan ọ̀rá, á lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ya àwòrán wọn: bó bá jẹ́ ẹ̀rọ skánà ni, 300 dpi (iye àmì inú íǹṣì kan) tó fún ìwé, 600 fún fọ́tò, bó bá jẹ́ fóònù ni, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, láìtan iná fóònù, tojú tẹ̀yìn. Ẹ̀yìn fọ́tò ni orúkọ sábà máa ń wà.

Nọ́ńbà sójà rẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ dà kọ. Òun ni gbogbo ọ́fíìsì á béèrè.

Ní ti ẹni tó fẹ́ gbowó yẹn, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó rí nọ́ńbà báńkì bàbá. Ilé iṣẹ́ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun, Military Pensions Board, wà ní Àbújá, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni kí ó tó wo ìwé rẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó jagun ló ní owó ìfẹ̀yìntì. Iye ọdún tó fi sìn ló ń pinnu rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nísinsìnyí, tí bàbá ń bẹ láyé, ni kí ẹ wò ó bóyá orúkọ ajogún tó kọ sílẹ̀ ṣì tọ̀nà. A ń rí ibi tí ẹni tí wọ́n kọ ti kú láti ọdún gbọọrọ, tàbí tí orúkọ ìyá wà ní ti ilé bàbá rẹ̀ nínú ìwé kan àti ti ilé ọkọ nínú èkejì. Irú nǹkan kékeré yẹn ló ń dá opó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Ṣé ká gba oko lọ́wọ́ rẹ̀?

*Bàbá wa ti lé ní ọgọ́rin. Eka kan ni oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, kò sì gbà pé kó sinmi. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òòyì sì kọ́ ọ lóko lóṣù tó kọjá.* — Ìyàwó ọmọ rẹ̀, Odòmọlà.

Ẹ má gbà á. Ẹni tó ti ń jí lọ sóko fún àádọ́ta ọdún, tí wọ́n bá ní kó jókòó, ara rẹ̀ á tètè le gbagidi, ọkàn rẹ̀ á sì rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ dín oko kù ni. Eka kan gba nǹkan bí 4,000 ẹ̀gẹ́ tí a bá gbìn ín ní mítà kan sí mítà kan. Ẹ wọn ogún mítà sí ogún mítà fún bàbá, níbi tó súnmọ́ ọ̀nà jù: 400 ìdí ẹ̀gẹ́ nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ fi ìyókù fún ọ̀dọ́ tí ẹ ó jọ pín in, kí bàbá máa bójú tó o.

Ibi tí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn, kò sí ìdí láti kọ ebè, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó. Iṣẹ́ tó ń pa ẹ̀yìn jù lọ ti kúrò nìyẹn. Ibi tí omi bá ń dúró sí nìkan ni ebè ti pọn dandan, torí ẹ̀gẹ́ á jẹrà nínú omi. Kí bàbá jókòó sórí àpótí gé igi ẹ̀gẹ́: láti ara ẹ̀gẹ́ tó ti pé oṣù mẹ́jọ sí méjìlá, sẹ̀ǹtímítà 25, tí ojú márùn-ún sí méje wà lára rẹ̀. Orí igi tó tutù yọ̀yọ̀ kò dára, oòrùn á gbẹ ẹ́ kó tó ta gbòǹgbò. Èyí tí ewé rẹ̀ ká jọ, tó ní àbàwọ́n yẹ́lò, ẹ má mú un, torí inú igi ni àrùn náà ń bá wọ oko tuntun. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọlẹ̀, kí ojú rẹ̀ máa wòkè. Èyí tí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò máa ń pẹ́ hù, kì í sì í ta dáadáa. Kí gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀ kí oṣù Kẹrin tó parí, kí òjò ńlá oṣù Kẹfà tó dé.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni koríko fi ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́. Ẹ ro ó ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ní ìkẹjọ, ní ìkejìlá. Bí ẹ bá gbin ẹ̀gúsí sáàárín rẹ̀ ní kété tí òjò bẹ̀rẹ̀, ewé rẹ̀ á bo ilẹ̀, ẹ ó sì lè fo ìrolẹ̀ kan. Ọkọ́ wa kúrú, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń dun gbogbo àgbà. Ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ bá bàbá fi ẹ̀rúkọ́ tó ga dé àyà rẹ̀ sí i, kó lè máa ro ó ní ìnàró. Bàbá kò gbọdọ̀ gbé tánkì oògùn koríko kọ́ ẹ̀yìn mọ́. Tánkì lítà 16, omi inú rẹ̀ nìkan jẹ́ kìló 16, ká tó ka tánkì fúnra rẹ̀, oògùn náà sì tún ń kan ara.

Ọ̀rọ̀ òòyì yẹn ló kàn wá jù. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń mú ni tọ̀ léraléra. Ẹni tó lò wọ́n láàárọ̀, tó wá lọ làágùn lóko, omi ara rẹ̀ ti tán. Bó bá bẹ̀rẹ̀ tó sì dìde lójijì, ojú rẹ̀ á ṣú. Kó má dá oògùn dúró o. Ẹ mú u padà lọ bá dókítà, kí ẹ sọ fún un pé àgbẹ̀ ni àti aago tó ń lọ sóko, kí dókítà lè sọ ìgbà tó yẹ kó máa lò ó àti omi tó yẹ kó máa mu. Kó ti kúrò lóko kí aago mẹ́wàá tó lù. Bàtà róbà nítorí ejò, omi nínú ìgò, fèrè lọ́rùn, kí ẹnì kan sì mọ ibi tó wà.

Bí ẹ̀gẹ́ bá pé ọdún kan, ẹ hú kìkì èyí tí ẹ lè bó lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, gààrí rẹ̀ ò ní mọ́. Ẹni méjì ni kó jọ máa hú u, lẹ́yìn òjò, kí ẹ fi igi tó gùn tó orúnkún sílẹ̀ láti dì mú.

Kọ́kọ́rọ́ omi àdúgbò

*Bàbá wa ló ń tan ẹ̀rọ omi àdúgbò láìgba owó. Ó fẹ́ fà á lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, ẹ̀rù sì ń bà á.* — Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, Nofọríjà.

Ẹ yan ẹni méjì, kí wọ́n bá bàbá tan án fún oṣù mẹ́ta kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé kan: ọjọ́, aago tí wọ́n tan án, aago tí wọ́n pa á, lítà epo, owó tó wọlé, ẹni tó tan án. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ń fẹ́ ọ́ìlì tuntun lẹ́yìn wákàtí 100. Bó bá ń ṣe wákàtí méjì lójúmọ́, àádọ́ta ọjọ́ nìyẹn, ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri. Ohun tí bàbá mọ̀ tí ìwé ò ní sọ ni ìró rẹ̀ àti àkókò rẹ̀. Bí táǹkì tó máa ń kún ní ogójì ìṣẹ́jú bá wá ń gba wákàtí kan, páìpù ń jò, tàbí iná kò tó, tàbí omi inú kànga ti lọ sílẹ̀. Kí wọ́n pa á, kí wọ́n wá ìdí; ẹ̀rọ tó bá ń fa afẹ́fẹ́ dípò omi á jóná. Jẹnẹrétọ̀ kò sì gbọdọ̀ wà nínú yàrá tí a pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Ìtẹ̀wé

Ọmọbìnrin Òkè-Balógun tún béèrè bí ìwé ìtàn náà ṣe yẹ kó gùn tó. Bébà A4 kan tí a ṣẹ́ sí méjì máa ń di ojú ewé mẹ́rin, nítorí náà ẹ jẹ́ kí iye ojú ewé ṣeé fi mẹ́rin pín. Mẹ́rìndínlógún tó: bébà mẹ́rin péré. Nǹkan bí 250 ọ̀rọ̀ ló ń gba ojú ewé kan tí kò ní fọ́tò. Ẹ fún oko ní àyè tó pọ̀ ju ti ogun lọ; ogun gba ọdún méjì àbọ̀ nínú ayé rẹ̀, oko gba àádọ́ta.

Ẹ fi PDF ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, ẹ má fi fáìlì tó lè ṣí tún ṣe ránṣẹ́, torí kọ̀ǹpútà wọn lè má ní lẹ́tà wa, àmì á sì ṣubú dànù. Ọkọ́ bàbá á di ọkọ, oríkì rẹ̀ á di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ ẹyọ kan péré sórí bébà lásán, kí ẹ jókòó kà á sókè sí bàbá létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ tó bá ní kí ẹ yọ, ẹ yọ ọ́. Èyí tó bá sì ní ẹ gbàgbé, ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń pè é, kí ẹ kọ ọ́ lójú rẹ̀.